Fèrè Tí Lemuel Ṣèlérí fún Bàbá Tate

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa. Ṣé ẹ ti ń sùn ni?

Ààlọ̀ o, Màmá!

Ó dáa. Àlọ́ mi dá wìì, ó dá wàà, kò dá lé Ìjàpá lórí, kò dá lé ọba, kò dá lé olorì. Ètè ló dá lé. Ètè méjì péré, tòkè àti tìsàlẹ̀, lẹ́nu Lemuel Gaskin, jórinjórin tó ń gbé ilé tó fara kan tiwa yìí.

"Màmá, ṣé Bọ̀dá Lem tó máa ń fún wa ní ẹ̀pà sísè?"

Òun náà ni. Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, fèrèsé rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ẹ ṣáà rántí pé lọ́sàn-án òní, Mọrẹ́nikẹ́ sọ fún un pé, "Bọ̀dá Lem, ẹ fọn fèrè yín fún wa ká gbọ́." Ẹ rí bó ṣe yíjú padà tó wọlé lọ, tó fi ẹ̀pà sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn? Kò bínú sí yín. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń pa àlọ́ yìí. Àlọ́ tòótọ́ ni. Kò sí ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kò sí igi tó ń jó.

Ọmọ ìlú Mobile yìí ni Lemuel, etí omi níbí ni wọ́n bí i sí. Láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ló máa ń wà, á da irin bojú, á máa jó irin mọ́ irin. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, á dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ààrò. Ṣùgbọ́n bí òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù bá dé, ẹ ó rí i tó jáde nínú aṣọ ológun tí wọ́n lọ̀ tó gún régé, bàtà á máa dán bí ojú ẹyẹ, àpótí fèrè á wà lábẹ́ abíyá. Ṣọ́jà olóṣooṣù ni àwa aládùúgbò ń pè é. Irú àwọn ṣọ́jà tó ní iṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀, tí ìjọba fi pamọ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń fi irúgbìn pamọ́ sí àjà, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá nílò wọn ni wọn ó pè wọ́n. Àwọn kan nínú wọn ń wa ọkọ̀ ẹrù, àwọn kan ń tọ́jú ẹni tó fara pa. Iṣẹ́ ti Lemuel, orin ni.

Ẹgbẹ́ olórin wọn tóbi, wọ́n máa ń fọn èyí táwọn ṣọ́jà fi ń yan. Ṣùgbọ́n àwọn bíi mélòó kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé orin jáàsì ni tiwọn, àwọn tó máa ń lọ jókòó sínú ọgbà lẹ́bàá omi nígbà ooru, kí gbogbo ìlú gbé àga wá gbọ́ wọn. Jáàsì ò jìnnà sí àlọ́ o. Gbogbo wọn ló mọ ègbè, wọ́n á jọ gbè é. Bó bá kan ọ̀kan, onítọ̀hún á dìde dúró, á sọ tẹnu rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ fún un, bó ṣe bọ́ sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Bó bá sọ ọ́ tán á jókòó, àwọn yòókù á gba ègbè padà. Bí ẹni tó dìde ò bá sì rí nǹkan sọ, ìtìjú ńlá ni, nítorí orin ò ní dúró dè é.

Ọ̀gá Pettaway, obìnrin tó sanra, òun ni olórí ẹgbẹ́. Òun ló ń juwọ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di ti jáàsì, àgbọ̀n Bàbá Tate ni gbogbo wọn ń wò. Cornelius Tate ló ń ta gìtá onígi ńlá yẹn, èyí tó ga ju ènìyàn lọ, tí wọ́n máa ń gbá mọ́ra bí ìyàwó. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kì í dilẹ̀, nítorí náà àgbọ̀n ló fi ń pe ènìyàn. Ẹni tó bá gbé àgbọ̀n sókè sí, olúwarẹ̀ ló kàn. Kí o dìde.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé àgbọ̀n sí Lemuel, ọmọdé ni Lemuel, irun ò tíì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó dìde. Ó fọn díẹ̀, ó ṣìnà, kò mọ ibi tó wà mọ́. Ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó wẹ̀yìn. Bàbá Tate kò dúró. Gbùm, gbùm, gbùm, bí àgbà tó ń bọ̀ láti oko, tí kò kánjú, tí kò sì sinmi. Ó ní, "Máa mí, ọmọ. Ìsàlẹ̀ níbí ni mo wà. Ibi yòówù kó o já sí, wàá bá mi níbẹ̀." Lemuel mí. Ó tún gbé fèrè sẹ́nu. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ rí Lemuel ní Sátidé tí kì í ṣe ti ológun, ilé Bàbá Tate ni kó lọ, níbi tí Vernell ìyàwó bàbá ti ń dín ẹja, tí búrẹ́dì àgbàdo wà nínú ààrò. Bàbá Tate ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tà pípín nígbà yẹn. Ó mọ orúkọ gbogbo ajá àdúgbò yìí, àwọn ajá náà sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ibẹ̀ ni àlọ́ wà. Bí ṣọ́jà àtijọ́ bá kú níbí, wọ́n á rán ṣọ́jà wá síbi sàréè. Wọ́n á ká àsíá orí pósí, wọ́n á fi lé aya òkú lọ́wọ́. Fèrè á wá dún. Orin kékeré kan ni, kò gùn ju kí omijé jábọ́ lójú lọ. Fèrè tí wọ́n fi ń fọn ún ò ní bọ́tìnì kankan tí ìka lè tẹ̀. Ètè nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí Lemuel bá fọn ún, àwọn tí kò tíì sunkún láti àárọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Létí tèmi, báyìí ló ṣe máa ń dún. Ẹ gbè é:

Bàbá ń lọ o—
Ẹ yà fún un.
Ọ̀nà mà jìn o—
Ẹ yà fún un.
Ẹrù ti dì o—
Ẹ yà fún un.

Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n òkú pọ̀ ju afọnfèrè lọ. Àwọn ọlọ́gbọ́n wá ṣe fèrè kan tí ẹ̀rọ wà nínú ikùn rẹ̀. Ṣọ́jà á tẹ nǹkan kan, á gbé fèrè sẹ́nu, á wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, fèrè á máa kọ orin fúnra rẹ̀. Lójú àwọn ará ẹ̀yìn, ṣọ́jà ló ń fọn ún. Ọjọ́ kan Bàbá Tate àti Lemuel lọ sin ọ̀rẹ́ wọn kan ní ìlú kejì. Irú fèrè yẹn ni wọ́n gbé wá. Ìyẹ̀fun òdòdó wọ ṣọ́jà náà nímú.

Ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe wọlé, Bàbá Tate ò lè jókòó. Ó ní, "Vernell, ó sín! Hàtíṣóò! Ó gbé fèrè kúrò lẹ́nu, ó sín, orin ń lọ!"

Vernell ní, "Cornelius, ẹja ni mò ń dín. Má jẹ́ kí òróró ta sí mi lójú."

"Ó tún gbé e padà sẹ́nu! Ó ń wojú wa bóyá a rí i!"

Lemuel ti dọ̀bálẹ̀ sórí àga, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á.

Bàbá Tate ní, "Lem, bí wọ́n bá gbé agolo yẹn wá sórí sàréè mi, mà á jí dìde."

Vernell ní, "Jọ̀ọ́, má jí o. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìhanrun rẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Èmi ò ṣeré. Ìwọ ni kó o fọn ún. Ẹnu tìrẹ, kì í ṣe agolo. Ṣèlérí."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká jẹun ná."

"Ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí, sà."

Vernell gbé àwo ẹja sílẹ̀ láàárín wọn. Ó ní, "Mo gbọ́. Èmi ni ẹlẹ́rìí. Ó yá, ẹ jẹun kó tó tutù."

Ìlérí ò wúwo lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe é.

Ọdún yípo. Inú ọgbà etí omi náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Tate gbé àgbọ̀n, Lemuel dìde, ó ń sọ tirẹ̀, àwọn ènìyàn ń mi orí. Ó fẹ́ gun òkè lọ bó ṣe máa ń ṣe, ohùn náà yọ̀ bọ́. Kò sí ẹni tó ká a sí. Ẹni tó ń rìn lè kọsẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún yọ̀. Igun ètè rẹ̀ lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewé, lẹ́nu fèrè nìkan o. Bó bá ń jẹun, kò gbọ̀n. Bó bá ń súfèé, kò gbọ̀n. Bó bá ti kan idẹ, gìrì-gìrì. Láti ilé ìdáná mi ni mo ti ń gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́, nínú yàrá tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí, á fọn, á já, á fọn, á já, bí ewúrẹ́ tí okùn há lọ́rùn. Lẹ́yìn náà á dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló máa ń dùn mí jù.

Ó lọ bá dókítà. Dókítà wo ètè, ó ní ètè ò ní àrùn kankan. Ó ní ọ̀rọ̀ tí orí ń rán sí ètè ni kì í dé ibi tó ń lọ mọ́. Lemuel ní, "Dókítà, kí ni oògùn rẹ̀?" Dókítà ní, "A mọ orúkọ rẹ̀. Oògùn rẹ̀ la ò tíì mọ̀." Ó ní kó sinmi, kó má fi fèrè kan ẹnu rárá fún ìgbà díẹ̀, bóyá, bóyá. Pásítọ̀ wọn fi òróró sí i lẹ́nu. Èmi náà gbé àdín lọ bá a.

Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sún sẹ́yìn. "Màmá, kí lèyí?"

"Àdín ni. Fi pa á tàárọ̀-tàlẹ́."

"Ṣé ẹ fẹ́ wo ètè mi sàn ni, àbí ẹ fẹ́ fi dín mi?"

"Ṣáà fi pa á, aláìgbọràn!"

Ó fi pa á. Àdín tán nínú ìgò, ètè ò yí padà. Kí la tún fẹ́ ṣe? Ọ̀gá Pettaway pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Lem, mi ò ní lé ọ. Máa bá wa gbé àga ná, máa to nǹkan tí wọ́n ń gbé ìwé orin lé, títí ara ó fi yá." Lemuel ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá." Ẹni tí ìlú ń gbé àga wá gbọ́, òun ló wá ń gbé àga.

Àìsàn ọkàn ti dá Bàbá Tate dùbúlẹ̀ nígbà náà. Gìtá ńlá dúró sí kọ̀rọ̀ yàrá, wọ́n da aṣọ bò ó. Gbogbo Sátidé ni Lemuel ń lọ, á jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo Sátidé ni bàbá ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan náà.

"Lem, ẹnu ńkọ́?"

"Ẹnu wà, Bàbá."

Ẹnu wà lóòótọ́, kò lọ síbì kankan. Kò kàn gbọ́ràn mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ ìyẹn fún ẹni tí àyà ń ro? Bàbá á dijú, á ní, "Ó dáa. Ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Nígbà tí ooru mú gan-an, ẹgbẹ́ olórin kó lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún, ní ìpínlẹ̀ òkè réré lọ́hùn-ún, ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú. Wọn kì í tètè dé. Wọ́n fi Lemuel sílẹ̀ nítorí ètè. Wọn ò tíì tú ẹrù wọn palẹ̀ níbẹ̀ tí Bàbá Tate fi kú.

Ó kú bí ẹni tó gbé lẹ́tà tó kẹ́yìn sínú àpótí tó yí padà lọ ilé. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ń lu aṣọ ìbora, gbùm, gbùm, ó sì dúró.

Denise, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣọ́jà ojú omi ni. Inú ọkọ̀ ogun ló ti wá, ọkọ̀ náà sì ń dúró dè é. Wọ́n gbọ́dọ̀ sin bàbá kí ó tó padà. Sísún ọjọ́ síwájú ò ṣeé ṣe.

Lemuel pe Ọ̀gá Pettaway. Àgbàlá ló dúró sí, mo ń gbọ́ ọ.

"Ọ̀gá, ẹ fi afọnfèrè kan ránṣẹ́ sí mi. Ẹnì kan péré."

Ohùn obìnrin náà wá láti inú fóònù, ó ti sunkún. "Lem, ṣé mo lè ṣe é tí mi ò ní ṣe é? Abẹ́ àṣẹ ni mo wà. Mo ti bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní rárá. Àwọn tó ń ká àsíá á gbé fèrè ẹ̀rọ wá."

"Kò fẹ́ ẹ̀rọ."

"Mo mọ̀."

"Mo ṣèlérí fún un."

"Lem, mo mọ̀."

Ó wá ẹlòmíràn ní ìlú. Olùkọ́ orin ilé-ìwé ti lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹnì kan tó kù, orí àìsàn lòun náà wà. Ó wá sọ pé òun á lọ sọ òótọ́ fún Vernell. Ohun tó yẹ kó ṣe nìyẹn, ó sì gbéra lóòótọ́.

Ilé kún. Ìkòkò ọbẹ̀ ilá alákàn wà lórí iná, àwọn obìnrin ìjọ ń to àwo. Denise ń lọ aṣọ funfun rẹ̀. Vernell rí Lemuel lẹ́nu ọ̀nà, ó fà á wọlé, ó fi àwo lé e lọ́wọ́.

Lemuel ní, "Màmá, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kan."

"Jẹun ná. Lem, jẹ́ kí n sọ fún ọ. Pósí, wọ́n gbé èyí tí mi ò yàn wá. Òdòdó ò tíì dé. Pásítọ̀ fẹ́ wàásù gígùn. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fi ṣe àníyàn nínú gbogbo ìsìnkú yìí ni fèrè." Ó fi ọwọ́ kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ọlọ́run á bù kún ẹnu yìí. Kí lo fẹ́ sọ?"

Lemuel wo àwo ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ní ọbẹ̀ náà dùn, mà."

"O ò tíì tọ́ ọ wò!"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì lọ ilé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má dá a lẹ́jọ́ kíákíá. Ìrètí ló pa á. Láti ìgbà tí dókítà ti ní kó sinmi, kò fi fèrè kan ẹnu. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ó wọ aṣọ tán, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó gbé fèrè kékeré tí kò ní bọ́tìnì yẹn, ó fọn ohùn kan. Ọ̀kan péré. Mo wà níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Ohùn náà jáde, ó gùn, ó mọ́ bí omi òjò nínú abọ́ funfun. Kò gbọ̀n. Ọwọ́ mi dúró lórí okùn aṣọ. Mo ní, "Ọlọ́run, o ṣeun." Ó rí mi láti orí ọgbà tó wà láàárín wa. Ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ọmọdé. Ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́ ọ?" Mo ní, "Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi." Kò fọn èkejì, ó ń bẹ̀rù kó má ba èyí jẹ́. Ó gbé e sínú àpótí bí ẹyin.

Gbogbo wa la dúró níbi sàréè, nínú oòrùn. Àwọn ṣọ́jà tó wá ká àsíá, Sájẹ́ńtì Burdette ni olórí wọn, ọmọbìnrin kan tó ń làágùn lábẹ́ fìlà. Òun ló mú fèrè ẹ̀rọ dání.

Ó bá Lemuel sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ní ìṣòro ẹnu. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Òun á mọ̀." Ó ń wo pósí.

"Ó dáa, sà. Mà á dúró lẹ́yìn igi lọ́hùn-ún. Ẹ kàn…"

"Má tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n ká àsíá, wọ́n ká a, ó di onígun mẹ́ta. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi lé Vernell lórí itan.  Lemuel dúró sí ìdí òkúta sàréè àwọn ẹlòmíràn, ó jìnnà díẹ̀ sí wa. Ó gbé fèrè sókè. Ó mí.

Bàbá ń lọ o—

"Ẹ yà fún un!"

Ẹ dákẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohùn mélòó kan jáde, wọ́n mọ́, wọ́n dára. Mo rí i tí èjìká Vernell sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà igun ètè yẹn gbọ̀n. Fèrè sín bí ewúrẹ́. Ó dúró. Ó tún mí, ó tún fọn. Atẹ́gùn. Ẹ mọ bí atẹ́gùn ṣe ń gba inú ìgò òfìfo? Hùù. Ó tún gbìyànjú. Hùù. Gbogbo ọ̀nà tó mọ̀ ló gbà. Ó yí orí díẹ̀, ó fi ahọ́n lá ètè, ó mí láti ìsàlẹ̀ ikùn. Kò sí gìtá ńlá kankan tó ń rìn nísàlẹ̀ tó lè bá pàdé. Ẹni tó máa ń wí pé "máa mí, ọmọ" ló wà nínú pósí yẹn.

 Ọmọ kan bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n bò ó lẹ́nu.

Sájẹ́ńtì Burdette yọ láti ìdí igi. Kò wo Lemuel. Vernell ló wò. Ojú rẹ̀ ń bèèrè: ṣé kí n tẹ̀ ẹ́? Vernell wo ọmọbìnrin náà. Ó wo Lemuel, tó ṣì gbé fèrè sẹ́nu, tí ọrùn rẹ̀ ti wú. Òun ni ẹlẹ́rìí ìlérí náà, ẹ má gbàgbé. Ó gbá àsíá mọ́ àyà. Ó sì mi orí, lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni.

Fèrè dún. Ó dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò kọsẹ̀, kò yọ̀, ó dùn ju bí ènìyàn ṣe lè fọn ún lọ. Lemuel ò gbé tirẹ̀ kúrò lẹ́nu. Mo rò pé kò lè gbé e ni. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí idẹ, títí agolo fi kọrin tán.

Àwọn ará ẹ̀yìn ò mọ̀. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ ṣòro fún un nítorí ìbànújẹ́, ó wá rí agbára gbà. Bàbá arúgbó kan láti ìjọ dì í lọ́wọ́ mú, ó ń gbọ̀n ọ́n. "Ọmọ, mo ti lọ ìsìnkú púpọ̀. Èmi ò tíì gbọ́ irú èyí rí. O sin ọ̀rẹ́ rẹ bí ọmọkùnrin."

Lemuel la ẹnu. 

"Má sọ nǹkan kan," bàbá náà ní. "Mo mọ̀ bó ṣe rí."

Gbogbo wọn ń wá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń yìn ín. Kò sí bó ṣe lè sá. Ẹni tí ìyà ń jẹ máa ń rí ẹni bá a kẹ́dùn. Ẹni tí wọ́n fi ìyìn jẹ níyà, ta ló fẹ́ bá a kẹ́dùn?

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Vernell rìn wá bá a. Èmi ni mo dì í lápá mú, ìyẹn ni mo fi gbọ́.

Ó ní, "Ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ìwọ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyókù, èmi ni mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Mi ò lè jẹ́ kó lọ láìsí nǹkan kan, Lem. Mo ti ro ó pé mo lè ṣe é. Mi ò lè ṣe é."

"Ẹ ò ṣe àìdáa, Màmá."

"Láti ìgbà wo ni ẹnu ti rí báyìí?"

Ó sọ fún un.

Vernell gbá a lápá, kì í ṣe pẹ̀lẹ́. "O jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi ní gbogbo Sátidé yẹn! O jẹ ọbẹ̀ mi lánàá!"

"Kí ni ẹ bá ṣe ká ní mo sọ ọ́?"

Vernell nu òógùn ojú rẹ̀. Oòrùn ń pa wá. Ó ní, "Kò sí. Ǹ bá jókòó tì ọ́ ni."

Ó sì gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn lọ síbi ọkọ̀.

Ẹgbẹ́ olórin padà dé. Wọ́n sunkún tiwọn. Wọ́n mú ọmọbìnrin tuntun kan wá sí ipò Lemuel, ọwọ́ mìíràn wà lára gìtá ńlá. Nígbà tí ooru rọlẹ̀, wọ́n tún lọ ṣeré nínú ọgbà etí omi, Lemuel gbé àga fún wọn, ó wá jókòó ti èmi àti Vernell níwájú. Ó kan ọmọ tuntun náà. Ó dìde, ó fọn díẹ̀, ó ṣìnà. Mo rí ẹsẹ̀ Lemuel tó ń lu ilẹ̀ gbùm, gbùm. Mo rí àgbọ̀n rẹ̀ tó gòkè fúnra rẹ̀, bí ti Bàbá Tate, sí ọmọ yẹn, pé máa mí, máa mí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò wo ọ̀dọ̀ wa. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé kó wò. Ó jókòó láìparí, wọ́n gba ègbè.

"Màmá, ṣé ètè rẹ̀ á sàn?"

Èmi ò mọ̀, Mọrẹ́nikẹ́. Dókítà ò mọ̀.

"Fèrè náà ńkọ́?"

Èyí tó fi ń fọn jáàsì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Gbogbo Sátidé ló máa ń gbé e jáde, á fi òróró sí i níbi tí ìka ń tẹ̀, kó má bàa dì, á tún dá a padà. Nítorí náà, lọ́la, bó bá gbé ẹ̀pà wá, ẹ gba ẹ̀pà. Ẹ kí i. Ẹ bi í léèrè ọkọ̀ ojú omi tó ń jó irin rẹ̀. Ẹ má bèèrè fèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ètè bá mi dé nìyẹn. Ó kù sí ẹnu rẹ̀, kò kù sí tèmi. Ó yá, ẹ dìde, ẹ lọ tọ̀, ẹ fọ ẹsẹ̀ yín. Mọrẹ́nikẹ́, pa fèrèsé dé díẹ̀, má pa á tán. Ẹ lọ sùn.